Bí Mo Ṣe Wá Eyín Aró Kiri Nítorí Àpò Owó Onírin

Ohun tí ẹ ń fura sí yẹn, òun gan-an ni. Ọdẹ tó bá wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò gbé ẹran bọ̀, ìtàn ló gbé bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ojú bá ara yín sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ìgbá yìí. Èmi Ọdẹ́yínká ti mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ọjọ́ mẹ́sàn-án a tán nínú ìkòkò lọ́jọ́ kan, egungun rẹ̀ a sì di ti ajá. Ìtàn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ ó máa jẹ ẹ́ títí tí eyín yín yóò fi ká. Ẹ̀yin ọdẹ tó ti òkè odò wá, ẹ gbé ìbọn yín ti igi. Ìwọ náà, Tíṣà Adéṣọkàn, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé-ìwé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, fi gègé pupa yẹn sápò. Ìtàn ọdẹ kì í ṣe ohun tí à ń máàkì.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Èmi ni ìkookò pàdé lójú ọ̀nà tó sáré kúnlẹ̀, tó ní òun ń wá abẹ́rẹ́ òun tó jábọ́. Bí mo bá wúkọ́ ní Ìdó-Erin níhìn-ín, ehoro á ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ìlú kejì. Mo sọ eléyìí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó bá lè dààmú irú èmi, kì í ṣe ohun kékeré.

Àpò owó kan ni. Kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ló fà á. Ní Ìdó-Erin, bí ọyẹ́ bá ti dé, odò wa a gbẹ, àwọn obìnrin wa a sì máa rin máìlì mẹ́rin lọ pọn omi tí màlúù ti mu ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun gbọ́, àánú ṣe wọ́n, wọ́n dáwó jọ kí a fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dá kì í ṣe irú èyí tí bàbá wa ná. Kírípítò ni wọ́n ń pè é: owó tí kò ní bébà, tí kò ní orí ẹnikẹ́ni lára, tí obìnrin kò lè dì sí etí aṣọ, tí ikán kò sì lè jẹ. Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Kánádà, ló fi àpò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Irin ni àpò náà, ó ní ojú tínínní kan àti bọ́tìnnì méjì. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ ná owó omi, a ní láti so àpò yìí pọ̀ mọ́ fóònù, nípa áàpù kan tí Mọrẹ́nikẹ́ ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Ta ni kí ó tọ́jú rẹ̀? Gbogbo ìlú ní ọdẹ ni. Ọdẹ kì í bẹ̀rù, ọdẹ kì í sì í rojọ́ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Mo gbà á, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Làmídì agbẹ́kànga gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó dúró lẹ́yìn ọjà, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fún yín, ká ka òní mọ́ ọn. Bó bá fi di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tí n kò rí owó, mo ń gbé ẹ̀rọ mi lọ sí Òkè-Ìrókò. Wọ́n ti ń fi ewúrẹ́ bẹ̀ mí."

Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Làmídì, kí itọ́ yìí tó gbẹ, àpò ti so."

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà o, Bàbá. Itọ́ ń tètè gbẹ."

Mo wọlé, mo ṣí áàpù náà. Yorùbá ló ń sọ. Ẹnì kan jókòó síbì kan tó túmọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ni yóò bá a ṣírò. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú fóònù pé: SO ÀPÒ RẸ MỌ́ FÓÒNÙ RẸ. Kí lẹ fẹ́ kí ọdẹ ṣe? Mo fa okùn pàkúté yọ, mo so àpò mọ́ fóònù, mo ta á ní kókó tí ẹtu kò lè tú. Fóònù ní: KÒ TÍÌ SO PỌ̀. Mo tún un so, mo fi eyín fà á, mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Fóònù ní: KÒ TÍÌ SO PỌ̀. TAN EYÍN ARÓ RẸ, KÍ O SÌ TÚN GBÌYÀNJÚ.

Mo gbé dígí, mo ya ẹnu. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti bá mi.

"Baálé mi, kí lẹ ń wá lẹ́nu?"

"Eyín aró."

"Obì lẹ jẹ sùn, ẹ kò jẹ aró." Ó wo fóònù, ó wo okùn, ó rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ ò jẹ́ ká pe Mọrẹ́nikẹ́, ká bi í?"

"Kí n pe ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí, kó wá kọ́ mi ní okùn dídì?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Eyín aró kò sí lẹ́nu ènìyàn. Mo ya ẹnu ewúrẹ́ wò, kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ náà gé mi jẹ. Ohun tí a wá nílé tí a kò rí, igbó ló wà. Mo gbé ìbọn, mo fi àpò àti fóònù pẹ̀lú okùn wọn kọ́ ọrùn, mo lọ.

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Ẹsẹ̀ ń lọ, igbó ń lọ, mo sì bá ara mi ní ìlú Ẹ-Dúró-Díẹ̀.

Ní ìlú yìí, gbogbo ènìyàn ló ń yí. Ẹni tó ń gúnyán ń yí, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ń yí, àkùkọ orí òrùlé pàápàá ń yí. Ọba wọn jókòó lórí ọlọ ńlá kan, ọlọ náà ń gbé e yípo. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí." Ìpàkọ́ ọba ló wà níwájú mi nígbà náà. Mo dúró kí ojú rẹ̀ dé. Ó dé, ó ní, "Ẹ dúró díẹ̀," ó sì kọjá. Mo tún dúró. Ó dé, ó ní, "Ẹ dúró díẹ̀." Báyìí ni mo bá ìpàkọ́ ọba sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú tó sì mọ́.

Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìyá mi ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà náà."

Ẹ̀yin ará, mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí! Mo di igi mú, igi náà ń yí. Mo ké pe bàbá onírùngbọ̀n pé báwo ni ènìyàn ṣe ń kúrò níbí. Ó ní, "Ọ̀nà kan ló wà, àgbà kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Kí ènìyàn kú, kí ó sì tún jí. Ẹ̀yin ẹ wo èmi: mo ti dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ta ló fẹ́ padà sí òdo?"

Ẹni tí kò bá jẹ́ ọdẹ ì bá sunkún. Èmi, ikú tí mo ti kú fún ẹfọ̀n lójú ẹsẹ̀ kò níye. Mo na gbalaja. Mo pa ojú dé, mo pa fóònù náà pẹ̀lú kó lè bá mi kú, mo séèémí, mo ka ẹẹ́wàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kú dáadáa. Eṣinṣin bà mí lẹ́nu, n kò lé e. Nígbà tí mo jí tí mo tan fóònù, ìlú ti pòórá, koríko tútù ni mo wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbọ́n, ẹ kọ́ eléyìí: ọ̀pọ̀ ohun tó há láyé yìí, kí ènìyàn pa á kó tún un tàn ló ń fẹ́.

Níwájú díẹ̀ ni mo ti kan bodè. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ, ojú mẹ́sàn-án ló ní, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀, àwòrán kan sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ó fi gbogbo wọn wò mí.

"Ṣé ènìyàn ni ọ́?"

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Iwin ń bi èmi bóyá ènìyàn ni mí! Inú bí mi, mo da oríkì bò ó. Mo ki ara mi láti orí bàbá mi dé orí bàbá bàbá mi. Mo ki ìbọn, mo ki ajá mi tó ti kú. Ó gbọ́ ọ tán, ó yán.

"Ẹ̀rọ ń ki ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi ọwọ́ kan gbogbo ojú mi tí alùpùpù wà nínú rẹ̀."

Mo kan ìkínní, mo kan ìkẹta, mo kan ìkẹfà. Nínú ìkeje, táyà díẹ̀ ló yọ ní igun, bí ìrù eku tó ti wọ ihò. Mo dúró. Mo ní, "Ìwọ iwin, ẹsẹ̀ alùpùpù, ṣé alùpùpù ni?"

"Ìwọ ni mo bi."

Mo ní, "Bí itan ẹtu bá wà nínú ọbẹ̀, a kì í sọ pé kò sí ẹtu nínú ọbẹ̀." Mo kàn án. Iwin sín, afẹ́fẹ́ imú rẹ̀ gbé mi lọ sínú ẹ̀gún. Mo padà dé. Ó ní kí n wá afárá. Mo mú àkàbà fún un. Ó tún sín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ojú mi ti ṣú, ó ní kí n fi ìkòkò hàn án, mo sì tọ́ka sí imú rẹ̀.

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà ní ojú rẹ̀ mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án ló fi ń ṣọ́nà. Ó ní, "Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣì í tó báyìí. Ènìyàn ni ọ́, kò sí iyèméjì mọ́. Kọjá."

Ẹ rí i? Mo ṣẹ́gun.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Aṣọ rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ń dán nínú ẹrẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí oyin. Kò ní òjìji. N kò ka ìyẹn sí, nítorí ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀yin kọ́ ni Ọdẹ́yínká tí ẹfọ̀n ṣẹ́jú fún?"

Mo ní, "Wọ́n ń sọ ọ́ dé ibí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ omi." Ó kúnlẹ̀, ó gbá eruku ẹsẹ̀ mi, ó fi abẹ́bẹ̀ fẹ́ mi. "Olùrànlọ́wọ́ ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ran àwọn alápò onírin lọ́wọ́. Irú ènìyàn ńlá báyìí kò yẹ kó máa wá eyín kiri. Ẹ kàn sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yẹn sí mi létí, kí n bá yín so ó kíá."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí àpò náà dé, ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún hàn lójú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ní kí a kọ wọ́n sílẹ̀, kí a má sọ ọ́ fún ọmọ ènìyàn, nítorí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ni owó. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún ní, "Ohùn yín á dùn bí ẹ bá ń sọ ọ́," mo sì bá ara mi tí mò ń tún ọ̀fun ṣe.

Mo ya ẹnu. Mo ní, "Ìgbálẹ̀." Mo ní, "Àkàlàmàgbò." Lẹ́yìn náà… kò sí nǹkan kan. Orí mi mọ́ fón-ín bí àwo tí ajá lá.

"Ó kù méjìlélógún, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kò sí ní orí yín ni?"

"Ìyàwó mi ló kọ wọ́n," mo ní. "Lẹ́tà inú àpò náà ti kéré jù. Ojú ọdẹ, ọ̀nà jíjìn ló ń rí."

Olùrànlọ́wọ́ wò mí, ó sọ abẹ́bẹ̀ nù, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń yin ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan! Ìyàwó rẹ ni ì bá dára kí n bá pàdé."

"Ìyàwó mi kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà."

"Mo rí i pé òun ló gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì," ló wí, ó sì yọ́ bí òrí.

Ẹ rí bí mo ṣe fi ọgbọ́n borí rẹ̀? Ẹlòmíràn ì bá rántí.

Ní ọjọ́ keje ni mo rí i. Ìkòkò aró wà ní ẹsẹẹsẹ lábẹ́ àpáta, ìyá arúgbó kan sì jókòó láàárín wọn, ó ń po aró. Nígbà tó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀yin ará, eyín iwájú rẹ̀ kan tàn, ó rí rẹ́súrẹ́sú bí àdìrẹ tuntun nínú oòrùn. Eléyín-Aró! Mo na ìbọn sí i.

"Ìyá, ẹ bá mi yọ eyín yẹn."

"Bí mo bá yọ ọ́, kí ni mo máa fi jẹ èkuru?" Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ìbọn mi tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrùn adìẹ tí òòyì kọ́. "Gba àlọ́ yìí ná. Àwọn méjì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, okùn kò sí láàárín wọn, síbẹ̀ wọ́n so pọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, èkejì á gbọ́. Kí ni?"

"Ọdẹ àti ajá rẹ̀."

"Rárá."

"Ọdẹ àti òkìkí rẹ̀."

"Ọdẹ yìí mà fẹ́ràn ọdẹ o. Rárá."

Ó wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Tọkọtaya."

"Ẹ̀hẹ́n. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ara yín nílé?"

"Ó máa ń gbọ́ tèmi."

Ìyá náà mi orí pẹ́. Ó na ọwọ́. Ó tú okùn mi, kókó tí ẹtu kò lè tú, ó fi ìka kan tú u. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ra ojú fóònù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ yọ. Ó tẹ ọ̀kan, ó tàn, ó di aláwọ̀ aró. Ó ní, "Eyín aró rẹ nìyẹn. Ẹnu fóònù rẹ ló wà láti ilé." Nọ́ńbà yọ lójú fóònù, nọ́ńbà yọ lójú àpò. Ó ní ṣé wọ́n bára mu? Mo jìnnà sí i, mo kà á, wọ́n bára mu. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó SO PỌ̀!

Igbó mì! Àwọn ẹyẹ dákẹ́! Nínú gbogbo ọdẹ tí a bí láyé, ta ló tún ṣe irú rẹ̀? Lójú fóònù, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àmì kan wà, róbótó, ó lẹ́wà bí ẹyin awó. Mo bi Eléyín-Aró pé kí ni àmì náà. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó fa aṣọ bo ẹnu. Ó ní, "Lọ sílé, ọkọ Àwẹ̀ró." N kò sì tíì dárúkọ ìyàwó mi fún un. Mo gbà pé èdìdì ọlá ni àmì náà, pé wọ́n fi dá mi lọ́lá.

Mo sáré. Ọjọ́ Ajé gẹ́lẹ́, ọjọ́ kẹsàn-án, kí oòrùn tó dé àtàrí, mo wọ Ìdó-Erin. Mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo kígbe pé, "Ó ti so!" Gbogbo ìlú jáde wá pàdé mi, díẹ̀díẹ̀, nítorí garawa tó wà lórí wọn. Ibẹ̀ ni ìtàn mi dúró sí. Ẹ kú ìjókòó.

Kí ló dé, Tíṣà? O ń na ọwọ́ sókè? Ibí kì í ṣe kíláàsì. Ó dáa, sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àmì róbótó yẹn, òdo ni."

Mo gbọ́.

"Òdo túmọ̀ sí pé kò sí owó níbẹ̀ mọ́."

Mo ní mo gbọ́, Tíṣà.

"Kí ló wá wà nínú garawa orí wọn?"

Ẹ wò ó, ìwé àkàjù kò dára. Omi ni. Ṣé ó tó? Mo ní omi ni! Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin tí n kò dé, Àwẹ̀ró pe Mọrẹ́nikẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ó ní ọkọ òun ti lọ wá eyín aró nínú igbó. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní Búlútúùtù, ohun tó ń so fóònù mọ́ nǹkan láìsí okùn, ni ẹni tó túmọ̀ áàpù náà sọ di eyín aró. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé owó náà kì í gbé inú àpò. Pé kọ́kọ́rọ́ lásán ni àpò. Pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún lè fi wọ́n ṣí i lórí fóònù yòówù. Àwẹ̀ró mú bébà rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì san owó fún Làmídì.

"Ọjọ́ wo nìyẹn, Bàbá?"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni omi yọ. Èmi dé ní ọjọ́ Ajé.